Ọjọ́ Mẹ́tàlá Tí Argiro Gbàgbé

Kò sí ẹni tó fẹ́ wá fẹsẹ̀ rìn lórí òkè Samotraki, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, tí kì í kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ Argiro. Láti Jámánì, láti Bẹ́ljíọ̀mù, láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́ títí dé oṣù karùn-ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láago pé, "Ìyá, ọ̀sẹ̀ wo ni ká wá tí òjò ò fi ní lé wa wọlé?" Argiro á ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Á fi itọ́ ra ìka, á ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, á wò ó títí. "Ẹ má wá lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ wá. Lọ́jọ́ Ẹtì nìkan ni kí ẹ mú ẹ̀wù òjò dání." Wọ́n á wá. Lọ́jọ́ Ẹtì náà òjò á dé. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé òjò ọ̀hún á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àlejò á fi de okùn ẹ̀wù tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, nítorí pé Argiro ni ó rán an níṣẹ́.

Ọgbọ́n yẹn kì í ṣe ti ilé ìwé. Nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún, ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní merominia. Ọjọ́ kìíní ni ó ń sọ̀rọ̀ fún oṣù kẹjọ fúnra rẹ̀, ọjọ́ kejì fún oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ kẹta fún oṣù kẹwàá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọdún á fi yípo. Bí òwúrọ̀ ọjọ́ bá ti rí ni ìbẹ̀rẹ̀ oṣù rẹ̀ á rí. Ọ̀sán ni àárín oṣù, ìrọ̀lẹ́ ni ìparí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n á jókòó síta láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí á fi wọ̀, á máa wo orí òkè, á máa wo ojú òkun, á máa wo ibi tí ewúrẹ́ kọ ìdí sí. Gbogbo abúlé ló ń wò ó, Argiro nìkan ló ń rí i. Ojú obìnrin yìí mú débi pé ó lè ka iye ẹyẹ tó bà sórí ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ọkọ̀ náà kò tíì kúrò ní èbúté Alẹsandrupoli ní òdìkejì òkun.

Abúlé Platania ni wọ́n bí i sí, lábẹ́ àwọn igi ńláńlá tí ènìyàn mẹ́fà kò lè fọwọ́ gbá mọ́ra. Bàbá rẹ̀ ń sun èédú. Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Jámánì, ó sì rán awọ àga ọkọ̀ fún ọdún méjìlá ní ilé iṣẹ́ kan. Ibẹ̀ ló ti pàdé Thanasis, ọmọ abúlé rẹ̀ gan-an, tí ilé méjì péré wà láàárín ilé wọn nígbà tí wọ́n wà nílé tí wọn kò sì kí ara wọn rí. Wọ́n padà pẹ̀lú oyún, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, àti owó tó tó kọ́ yàrá mẹ́ta fún àlejò. Thanasis kú nígbà tí ọmọ náà wà lọ́dún kẹwàá. Argiro kò fẹ́ ẹlòmíì. Ó fẹ́ àwọn ọ̀nà òkè. Ó mọ ìsun omi tó ń gbẹ, ó mọ àpáta tó ń yọ̀, ó mọ igi tí àlejò láti òkèèrè á fẹ́ jókòó sí ìdí rẹ̀ kó máa sunkún ayọ̀. Bí àlejò bá ti dé, á ti bá a lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì àti wàràkàṣì: bébà kan tí a fi pẹ́ńsù kọ, ọjọ́ kìíní, ibi tí wọ́n á lọ, ọjọ́ kejì, ibi tí wọ́n á ti sinmi ẹsẹ̀, ọjọ́ kẹta, Kakorema.

Kakorema ni àfonífojì odò tó ń bọ̀ láti òkè Oṣù, òkè tó ga jù ní erékùṣù náà, wá sí òkun. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni odò burúkú. Omi rẹ̀ mọ́, ó tutù, ó jókòó nínú àwọn adágún tó dúdú bíi ojú ẹṣin, àwọn àlejò sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ọ̀nà inú rẹ̀ ń gba inú omi kọjá nígbà mọ́kànlá. Nígbà tí ojú ọ̀run bá dára, ọmọ ọdún márùn-ún lè gbà á. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkè, bí kò tilẹ̀ rọ̀ nísàlẹ̀, odò náà kì í ránṣẹ́ ṣáájú.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Argiro pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ojú tí mo sọ yẹn sì ti ń ṣú. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje, wọ́n gbé e lọ sí òdìkejì òkun láti lọ ṣí awọ tó bo ojú rẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ló padà dé. Ọjọ́ mẹ́wàá nínú ọjọ́ méjìlá ti lọ, ó sì ti fi aṣọ funfun bo ojú sùn wọ́n já.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, á ní, "Ọdún yìí, n kò rí nǹkan kan." Argiro kò lè sọ ọ́. Àlejò mọ́kànlá ló ti ń dúró de ọjọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá rántí ìyá ọkọ rẹ̀, Marusa, olóògbé, tí kò gba kàlẹ́ńdà tuntun ìjọba gbọ́ títí ó fi wọ sàréè. Ti àtijọ́ ni Marusa ń kà, èyí tó fi ọjọ́ mẹ́tàlá rẹ̀yìn. Nígbà tí aráyé bá ń pe ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, Marusa á ní òní gan-an ni ọjọ́ kìíní, á gbé àpótí rẹ̀ síta, á bẹ̀rẹ̀ merominia tirẹ̀. Ni Argiro náà bá gbé àga síta ní ọjọ́ kẹrìnlá. Ó jókòó ọjọ́ méjìlá gbáko, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ọmọ rẹ̀, Zambeta, wá jókòó tì í. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Zambeta, ó ti kàwé ní Tẹsaloniki, ó sì ti gba ìwé ẹ̀rí pé òun lè máa mú ènìyàn rin òkè. Ọdún mẹ́ta ló fi bá àwọn ọ̀gá ọlọ́gàá ṣiṣẹ́. Àwọn mẹ́fà kan láti Bẹ́ljíọ̀mù ni àlejò àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jẹ́ tirẹ̀.

"Màmá, oṣù kẹwàá ni wọ́n ń bọ̀. Ọjọ́ wo ni kí n mú wọn wọ Kakorema?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní fóònù tó mọ gbogbo nǹkan."

"Fóònù mi ò mọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìwọ lo ń bá Ọlọ́run jẹun lórí tábìlì kan náà."

"Ẹnu rẹ yìí, ọkọ kan ò ní lè fara dà á."

"Òun ló fà á tí n kò fi tíì fẹ́ ẹ. Dákun, Màmá, wo ìwé."

Argiro ṣí ìwé, ó fi ìka tọ ìlà. Ọjọ́ kẹta, òwúrọ̀: ojú ọ̀run mọ́ bíi gíláàsì, kò sí atẹ́gùn. "Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá," ó wí, "ọjọ́ Ajé. Kó o tilẹ̀ gbé ọmọ tuntun lọ, kò séwu."

Báyìí ni wọ́n ṣe tò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, Zambeta àti àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù rẹ̀ jáde ní aago méje. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò ewé. Ojú ọ̀run mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Argiro ti ń palẹ̀ ife mọ́, ó rí i pé oyin kankan kò jáde nínú ilé wọn. Atẹ́gùn kan ń fẹ́ láti gúúsù, ó gbóná bíi èémí ààrò búrẹ́dì, ó sì ń yí ewé àwọn igi ńlá yẹn dé, kí inú wọn tó funfun máa wo òkè. Òkun dákẹ́ bíi òróró inú àwo. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí òun bá sì kọ, a ti kọ ọ́.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ nígbà tí Pandelis, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Darandaran ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, egungun ìbàdí kan kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé kọfí ṣì wà, àbí àwọn àlejò ti fi fọ ẹsẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, kọfí kì í tán nílé mi. Ẹsẹ̀ yín ló tán, ẹ ò tètè dé."

Pandelis jókòó, kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn ewúrẹ́ mi ti sọ̀kalẹ̀."

"Ta ló dà wọ́n wálé?"

"Ẹnì kankan. Mo jí, mo bá gbogbo wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n kọ̀yìn sí òkè bí ẹni tí òkè ṣẹ̀. Òbúkọ àgbà yẹn, èyí tí irùngbọ̀n rẹ̀ jọ ti àlùfáà wa, kò fẹnu kan koríko."

"Ó jẹ àjẹjù lánàá ni."

"Argiro, ewúrẹ́ ò ní ìwé àjákọ, ṣùgbọ́n kì í ṣi ọjọ́ kà. Kí ni ìwé tìrẹ wí?"

"Ó ní ojú ọ̀run á mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá."

Pandelis gbé ife sílẹ̀. "Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ti ta ni? Ṣebí ọjọ́ kẹrìnlá lo gbé àga síta, bíi ti màmá wa?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Mo wà lórí àpáta lókè, mò ń wò ọ́. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ àjọ̀dún Màríà, gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ nìkan lo jókòó síta tó o gbójú sókè bíi adìẹ tó ń mu omi. Mo ní, háà, ìyàwó wa ti di Marusa."

"Ṣé èèwọ̀ ni?"

"Kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ bíi ti màmá gbọ́dọ̀ kà á bíi ti màmá. Ní ti màmá, òní kọ́ ni ọjọ́ keje oṣù kẹwàá." Ó ka ìka rẹ̀ lọ, ó kà á bọ̀. "Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ni òní. Oṣù kẹwàá tìrẹ ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan kó tó wọlé."

Argiro ti mú ọjọ́ Marusa, ó sì gbàgbé òǹkà Marusa. Ó dìde, ó mú ìwé, ó fi ìkánjú ṣí i débi pé ojú ewé náà ya. Ìparí oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ àjọ̀dún Màríà. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀: Òkè Oṣù wé gèlè dúdú. Àrá sán lẹ́ẹ̀mẹta, òjò ò kan ilẹ̀ wa. Omi ń rùn bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

Ó sáré jáde, ó wòkè. Lórí Platania, ojú ọ̀run mọ́ bíi gíláàsì. Lókè pátápátá, níbi tí orí òkè Oṣù yẹ kó wà, kò sí orí mọ́. Nǹkan dúdú kan ti jókòó lé e.

Ó pe fóònù Zambeta. Ohùn obìnrin kan tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Zambeta ní kò sí lórí ìlà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú Kakorema, kò sì sí rí. Pandelis pe àwọn panápaná ní èbúté. Wọ́n ní àwọn ti gbéra, ṣùgbọ́n ọ̀nà wákàtí méjì ni.

"Wọ́n á ti dé adágún kejì báyìí," Argiro wí. "Adágún kẹta ni mo kọ fún wọn pé kí wọ́n ti jẹun ọ̀sán. Èmi ni mo kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni."

"Gun ìbaaka mi. Lọ sókè ṣọ́ọ̀ṣì Wòlíì Èlíjà. Agogo ibẹ̀ ń dún wọ inú àfonífojì."

Ìbaaka náà kì í gba ẹlòmíì sẹ́yìn. Ó ti tàpá sí dókítà ẹran méjì àti ọlọ́pàá kan. Lọ́jọ́ náà ó dúró jẹ́ẹ́, Argiro gùn ún, ó sì gba ojú ọ̀nà tí ó máa ń gba ènìyàn ní ogójì ìṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná ń ta lábẹ́ pátákò rẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ agogo náà ń gún Argiro láyà. Ìlù méjì ló wà. Bí a bá lù ú kíákíá, ọ̀rọ̀ iná tàbí ti ọdún ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á sáré wálé. Ọ̀nà tó yá jù láti wálé nínú Kakorema ni ìsàlẹ̀ odò, nínú omi gan-an. Bí òun bá lù ú kíákíá, òun á fọwọ́ ara òun pe ọmọ òun sínú rẹ̀.

Ìlù kejì ni ti òkú: ẹ̀ẹ̀kan, kí a dúró kí ohùn náà kú tán pátápátá, kí a tó tún lù ú. Ní Platania, ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn kì í tún fẹsẹ̀ kan omi tó ń ṣàn títí wọ́n á fi sin òkú, kí ẹ̀mí tó ń lọ má baà gba ipa odò bá a lọ. Gbogbo ọmọ abúlé ti fi í mu ọmú. Bí Zambeta bá pa á mọ́, á kúrò létí odò, á mú àwọn ènìyàn rẹ̀ gun ọ̀nà ewúrẹ́ jáde. Bó bá sì rántí ìwé tó kà ní Tẹsaloniki, tó fi èèwọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó parí.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbé agogo náà kọ́, ẹnì kan kò lù ú bẹ́ẹ̀ rí láìsí òkú nílẹ̀.

Argiro di okùn mú. Ó ya àmì àgbélébùú sára. Ó lù ú.

Ó dúró títí ohùn náà fi kú. Ó tún lù ú. Oòrùn ń ràn sí i lórí, ewé kan kò sì mì. Lẹ́ẹ̀kọkànlá, ó gbọ́ ohun kan lókè, bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń da òkúta sílẹ̀, tí kò sì dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ tutù kan jáde lẹ́nu àfonífojì, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni odò dé. Kò dé bí omi. Ó dé bí ògiri pupa, ó ń ru igi odidi dání pẹ̀lú gbòǹgbò wọn, àwọn àpáta tó tóbi bí ilé sì ń fò nínú rẹ̀ bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. Adágún kẹta lọ. Èkejì lọ. Argiro kò gbọ́ agogo tirẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ń lù ú, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣàn lójú okùn. Nínú ọkàn rẹ̀ kò mọ̀ bóyá irọ́ ni òun ń lù tàbí òótọ́.

Ó tó wákàtí kan kí orí kan tó yọ láàárín ẹ̀gún. Zambeta ni. Ojú rẹ̀ fà ya, ó ń fa arúgbó kan tó ti sọ bàtà kan nù. Àwọn yòókù tẹ̀lé e: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Wọ́n pé.

"Màmá! Ta ló kú? Bàbá Pandelis ni, àbí? Sọ fún mi!" Ó ti ń sunkún. "Adágún kejì la wà, mo fẹ́ máa lọ. Mo tilẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kan bọ omi. Mo fà á yọ. N kò mọ ohun tó jẹ́ kí n fà á yọ. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

Zambeta wo okùn, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó wo nǹkan pupa tó ń bú ramúramù nísàlẹ̀. "Ta lo wá lù ú fún?"

Argiro jọ̀wọ́ okùn.

Kí wọ́n tó délé, abúlé ti kún àgbàlá. Wọ́n ti gbọ́ agogo, wọ́n ti ka ara wọn, ẹnì kankan kò dín. Inú wọn dùn nítorí Zambeta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó. Despo, obìnrin tó dàgbà jù ní Platania, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, gbé àwo àlìkámà bíbọ̀ dání, èyí tí wọ́n ń fi ṣúgà àti èso pómégíránétì ṣe fún òkú.

"Agogo ti pè, Argiro," ó wí. "Orúkọ ta ni ká pè lé e?"

Àlùfáà Stratis gbọ́wọ́ sókè. "Ìyá Despo, ẹ fi í sílẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ̀mí méje ló gbà là."

"Ọlọ́run mọ̀. Ikú ńkọ́, ṣé òun náà mọ̀? A pè é, ó ti gbéra. Ṣé ká ní kó wọ ilé tó bá wù ú?"

Àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn mọ́ra.

"Ẹ pe tèmi," Pandelis wí. "Mo ti gbó, ìbàdí mi ti ṣáájú lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́," Argiro wí. "Ẹ̀yin ò fọwọ́ kan okùn. Argiro ni kí ẹ pè."

Kò sí ẹni tó jà á níyàn. Ohun tó bani lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Wọ́n gbé àga fún un sí àárín, Despo gbé àwo yí ká, oníkálukú bu ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó sì wí pé, "Kí Ọlọ́run dárí jin Argiro." Argiro jókòó láàárín wọn, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ lé itan, ó ń dáhùn pé, "Àmín," fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kan Zambeta, ó pa ẹnu dé, ó sì ń mi orí.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi," Argiro wí. "Alààyè ló ń jẹ ẹ́."

Zambeta la ẹnu.